Òrùlé Alágboorùn fún Ilé Ìwé ní Àbújá: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É

Ìyá kan tó ní ilé ìwé lẹ́yìn Kubwa ló pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá wo òrùlé àwọn. "Ẹnjiníà, mo fẹ́ kí wọ́n máa rí ilé ìwé mi láti títì ni, ni mo ṣe ní kí wọ́n gbé e ga." Òótọ́ ni, ẹ máa rí i láti títì. Ṣóńṣó mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, wọ́n sì fi ògiri kúkúrú yí etí rẹ̀ ká kí ojú má bàa rí gọ́tà. Mo wọ kíláàsì ní aago kan ọ̀sán, ìdajì àwọn ọmọ ti gbórí lé tábìlì. Tíṣà ní bí òjò bá ti ń lu páànù, ńṣe làwọn máa ń dákẹ́ títí á fi dá. Gọ́tà tí wọ́n fi pamọ́ yẹn, ewé dóńgóyárò ti dí i pa, omi sì ti ya mápù sára ògiri nínú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òrùlé Màmá, òkèèrè nìkan ló dára sí.

Mi ò ní kí ilé ìwé má lẹ́wà o. Òrùlé ni wọ́n fi ń dá ilé mọ̀ látayébáyé. Láàfin wa nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀bì tó yọ síta ni ẹ ó rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé ilé ọba lẹ dé. Ẹni tó bá ka ìwé ní Ifẹ̀ mọ àwọn ilé tí Arieh Sharon yàwòrán wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí àjà òkè ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bíi pírámíìdì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò: òkè ló ń fi òjìji bo ìsàlẹ̀, òun náà ló ń gba òjò fún un. Ní Zaria, Babban Gwani Mikaila fi amọ̀ àti igi azara, tí wọ́n là lára ọ̀pẹ giginya, kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ó tẹ igi inú amọ̀ bí ọrun, títí wọ́n fi gbé òrùlé dúró. Iṣẹ́ tí àwọn ilé wọ̀nyí ń ṣe ló bí ẹwà wọn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, òrùlé alágboorùn ni mo máa ń pè é. Páànù kan ṣoṣo ni, ó tẹ̀ síhà kan, a gbé e sókè kúrò lórí àjà, ó sì yọ síta ju ògiri lọ yíká, bí ìgbà tí èèyàn ṣí agboorùn sórí àpótí. Afẹ́fẹ́ á máa gba àárín àjà àti páànù kọjá, tí oòrùn bá na páànù, afẹ́fẹ́ á gbé ooru rẹ̀ lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀ bá àwọn ọmọ. Francis Kéré, ákítẹ́ẹ̀tì ọmọ Burkina Faso, ló jẹ́ kí ayé mọ irú rẹ̀ nígbà tó kọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí Gando, abúlé rẹ̀, tó parí ní 2001. Ilé ìwé náà gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé yíyà ní 2004. Kéré fúnra rẹ̀ gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ákítẹ́ẹ̀tì, ní 2022, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún. Irin tí à ń dì sínú kọnkéré ni wọ́n jó pọ̀ tí wọ́n fi gbé páànù yẹn. Oòrùn tó ń mú wọn lọ́hùn-ún kò yàtọ̀ sí èyí tó ń mú wa ní Katsina àti Kánò. Wẹ́dà tó bá lè jó géètì dáadáa ní Nyanya lè ṣe é, bí ẹnjiníà bá dúró tì í.

Màá fi ilé oníyàrá mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ: mítà 27 ní gígùn, mítà 7 ní ìbú, fàráńdà mítà 2 níwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo oòrùn àti ìjì kí ẹ tó wo owó

Ẹ na gígùn ilé láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí fèrèsé wà ní àríwá àti gúúsù. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀, tààrà ló ń wọlé, kò sí òrùlé tó lè dí i. Ti ọ̀sán lápá òrùlé ká.

Ẹ kọ fàráńdà sí gúúsù. Ìdí ni pé nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan ní Àbújá máa ń tẹ̀ sí gúúsù, ó ń ga tó digíríì 57 láti ilẹ̀. Bí òrùlé bá yọ síta ní mítà kan, òjìji rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tó mítà kan ààbọ̀. Fàráńdà mítà 2, pẹ̀lú etí páànù sẹ̀ǹtímítà 30 tó kọjá òpó, á bo ògiri yẹn títí dé ilẹ̀. Nínú oṣù Kẹfà, oòrùn ọ̀sán á ti kọjá sí àríwá wa, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àtàrí. Mítà kan lé díẹ̀ tó fún ẹ̀yìn ilé. Ará Kánò, tiyín rẹlẹ̀ ju tiwa lọ díẹ̀ nínú ọyẹ́. Ẹ fẹ fàráńdà díẹ̀ sí i.

Ìjì tó máa ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, láti ìlà oòrùn ló sábà ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: bó ṣe máa tẹ̀ tó

Digíríì 10 ti tó. Apá tó rẹlẹ̀ á wà ní gúúsù, lórí fàráńdà, apá tó ga á wà ní àríwá. Ẹ ka ìbú rẹ̀ báyìí: etí páànù 0.3, fàráńdà 2, yàrá 7, èyí tó yọ lẹ́yìn 1.2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 10.5. Ní digíríì 10, mítà kan tí páànù bá lọ síwájú, á gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 17 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Láti etí kan dé ìkejì, á ti gòkè mítà 1.85.

Bí àjà bá wà ní mítà 3.2 sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí páànù fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga jù ú lọ lórí ògiri gúúsù. Tó bá fi máa dé ògiri àríwá, àlàfo náà á ti ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 80 lọ. Ibẹ̀ ni ooru máa gbà jáde, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń wá. Káfíńtà kan sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ẹ ń fi páànù ṣòfò." Mo ní kó gbé ọwọ́ lé àjà ilé ẹlòmíì tí páànù sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí lágogo méjì ọ̀sán, kó wá sọ èyí tó ń ṣòfò fún mi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé

Ákítẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ákítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ni kó yà á, ẹnjiníà tó wà lábẹ́ COREN, ìgbìmọ̀ ti àwọn ẹnjiníà, ni kó ṣírò irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí Development Control, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ àwòrán ilé wò ní Àbújá, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mi ò ní kọ ìwọ̀n irin síbí. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n tó kà lórí fóònù gbé òrùlé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá tèmi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ so ó mọ́lẹ̀

Ká jókòó síbí díẹ̀. Òrùlé kì í sábà wó nílẹ̀ Haúsá àti ní Àbújá o, fífò ló máa ń fò. Ìjì tó bá ń gba orí páànù kọjá máa ń fà á sókè, èyí tó wọ abẹ́ fàráńdà á sì máa tì í láti ìsàlẹ̀. Òrùlé alágboorùn wá ṣí sílẹ̀ ju gbogbo òrùlé lọ, àléébù rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ọdún kẹta tí mo dé Àbújá, èmi àti ẹgbẹ́ mi kan òrùlé ilé kan ní ìlà Lugbe. Ìṣó la fi kan igi mọ́gi, a sì fi wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń fi di irin so igi mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é la ṣe ṣe é. Oṣù Kẹrin ìjì dé lóru, ó ká a kúrò lódindi, pẹ̀lú igi, pẹ̀lú páànù, ó sì lọ tẹ́ ẹ sínú oko àgbàdo aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó fara pa, ilé náà ò tíì lẹ́ni nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá tó loko bi wá ní Haúsá bóyá tòun ni òrùlé náà àbí tiwa. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbàgbé wáyà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Nígbà tí ẹ bá ń di irin líńtẹ́ẹ̀lì, ìgbànú kọnkéré tó yí gbogbo ilé ká, ẹ ti mọ ibi tí férémù irin kọ̀ọ̀kan, àwọn tó máa gbé páànù, máa dúró sí. Mo máa ń fi mítà 3 sáàárín wọn, ilé mítà 27 á gba férémù 10. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ irin tí ẹnjiníà yín bá yàn bí U, kí ìdí rẹ̀ gba abẹ́ irin líńtẹ́ẹ̀lì kọjá, kí orí rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Ẹ wá da kọnkéré lé e. Bó bá gan tán, ẹ jó pákó irin mọ́ orí rẹ̀, orí pákó yẹn ni ẹsẹ̀ férémù máa dúró sí. Lọ́rọ̀ kan, ìjì tó bá fẹ́ gbé páànù á kọ́kọ́ gbé líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn á sì ní kó gbé ògiri.

Àwọn òpó fàráńdà náà ń kọ́? Wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Irin wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpìlẹ̀ dé òkè láìjá, nítorí etí páànù orí wọn ni ìjì máa ń kọ́kọ́ dì mú.

Bíríkìlà á sọ fún yín pé àwọn lè fi àwọn irin yẹn sí i tó bá yá. Ẹ má gbà. Kọnkéré tó bá ti gan, lílu ni ẹ máa lù ú, irin tí ẹ bá sì fi sínú ihò tí ẹ lù, dídúró lásán ló ń dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dà á, ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ ka U náà ní kọ̀ọ̀kan. Fún ilé àpẹẹrẹ wa, 20 ló yẹ kó wà lórí ògiri méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irin àbí igi

Irin ni mo fara mọ́ fún èyí. Ikán Àbújá kì í ṣeré, igi tó sì dáa bí apá tàbí ìrókò ti di ọ̀rọ̀ olówó ní ọjà Dei-Dei. Ẹni tó bá taku pé igi ni, kó rí i pé ó gbẹ dáadáa, kó kun Solignum, oògùn ikán, dé ojú gbogbo ibi tí wọ́n ti gé e, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan.

Ilẹ̀ ni kí wẹ́dà ti jó férémù kọ̀ọ̀kan. Kó ya àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹ̀lú ẹfun, kó máa fi í wọn gbogbo ìyókù. Ẹ fọ irin, ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, kó tó gòkè. Lẹ́yìn tó bá gòkè, ẹ kun ojú ibi tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí iná ti jó ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, àwọn èèyàn ò sì rántí.

Láàárín férémù sí férémù, ẹ fi irin dábùú X dè wọ́n ní orí méjèèjì ilé. Láìsí X yẹn, gbogbo wọn lè dojú bolẹ̀ tẹ̀lé ara wọn bí àwo tí wọ́n tò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: páànù

Lọ́ńgspaànù alumíníọ̀mù tó nípọn ní mìlímítà 0.55 ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá fún yín ní 0.45, owó rẹ̀ á dùn mọ́ yín títí káfíńtà á fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ gé e ní mítà 10.7, odidi, láti etí dé etí, kí ó má ní ìpàdé kankan. Lórí òrùlé tó tẹ̀ ní digíríì 10, ìpàdé ni omi máa ń wá kiri. Ọkọ̀ gígùn ló máa gbé e wá, ẹ ti wo ọ̀nà àdúgbò yín kí ẹ tó san owó.

Pọ́líìnì irin onírísí C, irin ìdábùú tí páànù ń sùn lé, ni kí ẹ tò sábẹ́ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 90 sí ara wọn. Sukúrúù onírọ́bà ni ẹ ó fi mú un, ẹ má lo ìṣó. Ní etí yíká, ẹ fi sukúrúù sí orí gbogbo ìlà páànù tó yọ sókè. Láàárín, ẹ lè máa fo ọ̀kan. Kí káfíńtà má fi agbára wọ́ ọ jù. Rọ́bà tó bá ti fẹ̀ kọjá irin orí rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, oòrùn ọdún méjì péré á là á.

Àwọ̀ ńkọ́? Funfun tàbí alumíníọ̀mù tí wọn ò kùn ló ń ta oòrùn dànù jù. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn pupa rúsúrúsú àti búlúù ṣíṣú ní Àbújá, mo mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, ẹ kùn ún sí abẹ́ páànù. Abẹ́ yẹn làwọn ọmọ máa ń rí nígbà ásẹ́mbùlì, níbi tó ti yọ síta.

Àwọn oṣù tó dára fún iṣẹ́ yìí ni oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Bí ẹ bá ti rí i pé oṣù Kẹta ti wọlé tí páànù ò tíì gòkè, ẹ má gbé e sókè ní ìdajì. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ tàbí kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: àjà, àti ohun tó ń wọ ibẹ̀

Ariwo òjò ni àjà máa gbà fún yín, nítorí náà kó wúwo díẹ̀. Páìlíwúùdù tó nípọn dára. PVC tó wà níta báyìí fúyẹ́, ariwo á gba inú rẹ̀ kọjá. POP wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ kú orí ire. Ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ kéékèèké sáàárín àjà ní ìhà àríwá yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ooru ara ọmọ 35 lè ríbi gòkè lọ. Ẹ kun ojú òkè àjà ní ọ̀dà tó ń ta omi dànù, nítorí ìjì lè fẹ́ ìrì òjò wọlé.

Ìlà oòrùn, níbi tí mo ní ìjì ti ń wá, ẹ fi pákó tàbí páànù dí orí ilé ibẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀ oòrùn àti ẹ̀gbẹ́ gúúsù, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 12 lọ sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àdán á dé kí ọdún kan tó pé. Ẹni tó bá ti gbóòórùn ìgbẹ́ àdán nínú kíláàsì rí mọ̀ pé kò sí ẹ̀kọ́ ìṣirò tó lè wọlé níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí ẹwà wà

Àlàfo ńlá àríwá yẹn ni ojú ilé. Igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni mo máa ń tò síbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ síta bíi lúfà kí òjò má wọlé, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ lẹ lè gbé dárà. Ní ilé ìwé kan tí àwọn òbí pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, a gé igi náà ní ìlànà àdìrẹ. Ní òmíràn, àwọn àmì ara ògiri ilé Haúsá la yà. Tí wọ́n bá tanná nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba inú ihò wọ̀nyẹn jáde, ẹ máa rí i láti títì láì ní ṣóńṣó kankan.

Iṣẹ́ Máàlámù tó gé igi fún wa ní Kugbo nìyẹn o, kì í ṣe tèmi.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: omi

Gbogbo omi á gba gúúsù wá. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé àpẹẹrẹ wa, tó bá fi mítà kan yọ ní orí kọ̀ọ̀kan, fẹ̀ tó mítà 304 níbùú lóròó. Òjò mìlímítà 20, tí kò le rárá ní oṣù Kẹjọ, á da ju lítà 6,000 sílẹ̀ níwájú kíláàsì. Ẹ gbé gọ́tà tó fẹ̀ sí i, kó wà níta gbangba níbi tí ọwọ́ lè dé, kó sì darí sínú táńkì tí ẹ gbé sórí kọnkéré. Ibi tí táńkì bá ti kún tó ń ṣàn sí, ẹ fi òkúta sí i. Àkọ́rọ̀ òjò, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn dànù: eruku ọyẹ́ oṣù mẹ́rin ló ń fọ̀. Omi yìí dára fún fífọ ilẹ̀ àti ilé ìgbẹ́, kì í ṣe mímu.

Ẹ má gbàgbé ọ̀pá tó ń gba àrá. Páànù ńlá lórí ilẹ̀ gbangba, Ṣàngó ò ní béèrè ẹni tó ni ín.

Ní ti Màmá ẹ̀yìn Kubwa, a ò lè tú gbogbo ṣóńṣó mẹ́rin náà. Ògiri kúkúrú yẹn la wó, a mú gọ́tà jáde síta, a ṣí orí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, a fi fìlà kékeré dé e kí ooru máa gbà jáde. Ariwo òjò ṣì wà. Ní ìparí oṣù Kejì lọ́dọọdún, olùṣọ́ wọn máa ń gbé àkàbà, á gòkè, á kó ewé dóńgóyárò kúrò, á fi ọwọ́ gbọn sukúrúù etí páànù ní kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá mì, á fi ẹfun yí i ká fún káfíńtà.